Sẹ́ńtà kejì tó ń kó fáùlù 3 láàárín ìṣẹ́jú 4: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Àbíkẹ́_Kútọ̀

Ẹ̀yin àgbà orí kóòtù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni mo gbé wá. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí l'Abẹ́òkúta ní sẹ́ńtà (ẹni gíga tó ń ṣọ́ abẹ́ agbọ̀n) kan ṣoṣo tó dáńtọ́, ọdún tó máa kẹ́yìn nìyí fún un. Ẹni tó ń rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó ga ní mítà 1.85, fọ́libọ́ọ̀lù ló ń gbá títí tó fi wọlé. Ó ń fò bí ẹtu, apá rẹ̀ gùn, kì í sì í pa ìgbáradì jẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, kí ìṣẹ́jú 4 tó pé ó ti kó fáùlù 3. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i lábẹ́ agbọ̀n, á gbé e wálẹ̀ sí ìbàdí, àwọn gáàdì kúkurú, àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù lókè, á sì já a gbà.

Ọ̀sẹ̀ 8 ló kù kí ìdíje àárín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀. Kóńkéré ni kóòtù wa, agbọ̀n 2 ló wà níbẹ̀, kò sí jíìmù. Wákàtí 2 la ń lò, ìgbà 4 lọ́sẹ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí sì ni ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé "kó máa tẹra mọ́ṣẹ́". Ó ti tẹra mọ́ ọn.

Kọ́ọ̀ṣì_Aṣérò

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn, fọ́libọ́ọ̀lù ló ń bá a jà. Níbẹ̀, ẹni tó bá fò, tó na ọwọ́ kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì, tó sì tẹ bọ́ọ̀lù wálẹ̀, àtẹ́wọ́ ló ń gbà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Orí apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni ọwọ́ yẹn máa ń balẹ̀ sí, rẹfirí á sì fọn fèrè. Òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, fún agbèjà ní gbogbo òfúrufú tó wà lókè ibi tó dúró sí. Bó bá fò sókè tààrà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lókè, ẹni tó wá fi ara gbá a láyà kò lè sọ pé agbèjà náà ló jẹ̀bi. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ síwájú pẹ́rẹ́, ààyè yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ẹ wá fóòmù àlòkù kan, èyí tí wọ́n gé lára mátírẹ́ẹ̀sì, kó fẹ̀ tó àyà ènìyàn. Ẹnì kan á gbé e dání, á sáré wá láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe lay-up (kó sáré wá fò fi bọ́ọ̀lù lé agbọ̀n), á sì fi fóòmù náà kọ lù ú. Kí ọmọ yẹn ti dúró sójú ọ̀nà kí onítọ̀hún tó fò, kó fò sókè, kó fi àyà gbà á, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa wo ojú ọ̀run. Ìgbà 6, ẹ sinmi, ọ̀nà 3. Èyí tí ọwọ́ bá ti wálẹ̀ dé iwájú orí, ẹ má kà á. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kò sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pàdé tẹ́ ẹ ò ní ṣe é.

Àmọ́ o, fáùlù ọwọ́, ẹsẹ̀ ló bí i. Ẹni tó pẹ́ dé ló ń na ọwọ́. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ ọ lọ́rùn, kó di etí tówẹ́ẹ̀lì náà méjèèjì mú kí ọwọ́ má baà rí iṣẹ́ ṣe, kó wá máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn láti ìlà kan sí ìkejì lábẹ́ agbọ̀n. Mítà 4.9 ni fífẹ̀ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ ka iye ìgbà tó fẹsẹ̀ kan ìlà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń yára sí i. Ìdí ò gbọdọ̀ gòkè, ẹsẹ̀ méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé.

Ẹ tún ra ìwé kékeré kan. Fáùlù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ bóyá ọwọ́ ni tàbí ìbàdí, ẹ sì kọ gáàdì yín tí wọ́n já sílẹ̀ lókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkẹta yìí ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Ọ̀pọ̀ fáùlù tí wọ́n ń kà sí sẹ́ńtà lọ́rùn, gáàdì tó ń sùn ló fà á.

Bó bá ti ní fáùlù 2 kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ẹ yọ ọ́.

Ìyá_Rìbáùndì

Àbíkẹ́, ẹ kú làálàá. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ fóòmù yẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá wá di tiyín, iṣẹ́ 3 péré ni kẹ́ ẹ fún un: kó ṣe screen (kó fi ara dí agbèjà lọ́nà fún gáàdì yín), kó gba rìbáùndì (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé), kó parí bọ́ọ̀lù tó bá bá a lábẹ́ agbọ̀n. Hook shot, drop step àti gbogbo ọgbọ́n abẹ́ agbọ̀n bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bọ́ọ̀lù tó ń gbé wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀ àfi bó bá ń lọ sínú agbọ̀n. (Ẹni tó bá ka èyí láìwo àmì ohùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà.) Ó gbà á lókè, ó fà á wá sábẹ́ àgbọ̀n, ìgúnpá méjèèjì yọ síta, àmọ́ kò gbọdọ̀ fì wọ́n. Ẹ fi gáàdì 2 tì í lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù yẹn láti ìsàlẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ìgbà tó bá gbé e wálẹ̀ ni wọ́n máa tó o, òun fúnra rẹ̀ á sì rí i. Kò sí títa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ rárá: gbà á, yí padà, fi lé e. Ẹni mítà 1.85 tó bá ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n ti sọ ara rẹ̀ di 1.60.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mikan drill, èyí tí wọ́n fi orúkọ George Mikan pè. Ọwọ́ ọ̀tún lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì lápá òsì, bọ́ọ̀lù kò kan ilẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí 8 bá wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Kó máa lépa 15 kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọwọ́ òsì ló máa ń bà á jẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kó fi òsì nìkan ṣe é fún ìṣẹ́jú àáyá 30 mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo pátákó agbọ̀n yín o. Lórí ọ̀pọ̀ kóòtù kóńkéré, ọ̀dà ti ṣí, àpótí kékeré tó yẹ kó wà lókè òrùka ti parẹ́. Ọmọ ń ju bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ kò ní ibi tó máa bà lé. Ẹ fi ọ̀dà tàbí tépù yà á padà: sẹ̀ǹtímítà 59 ní fífẹ̀, 45 ní gíga, kí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú òrùka. Igun òkè tó sún mọ́ ọn jù ni kó máa fojú sí. Nígbà tẹ́ ẹ ti gorí àkàbà náà, ẹ wọn òrùka sílẹ̀: mítà 3.05. Òrùka tí àwọn ọmọkùnrin ti ń rọ̀ mọ́ máa ń tẹ̀ síwájú. Ẹ sì fi tépù télọ̀ yí bọ́ọ̀lù ká. Sáìsì 6 tí obìnrin ń lò jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 72, sáìsì 7 ti ọkùnrin kì í dín ní 75. Bẹ́ ẹ bá ń fi 7 gbára dì, tẹ́ ẹ wá lọ fi 6 díje, ọwọ́ tẹ́ ẹ ti fi oṣù 2 kọ́ máa ṣì í.

Screen: ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàá, kó fẹ̀ tó èjìká, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó má mira mọ́ títí gáàdì wa á fi ra á lára kọjá. Bí ìbàdí bá yọ síta, fáùlù ni, bọ́ọ̀lù sì di tiwọn.

Rìbáùndì: ẹ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ sí àárín òbìrí, kí òun dúró síwájú rẹ̀, kí sẹ́ńtà àgbà kojú rẹ̀. Ẹ bá fọn fèrè, ó fi apá kan ẹni náà, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ìdí jókòó lé e lórí itan. Bí bọ́ọ̀lù bá wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ó yege. Ẹni tó ń fò ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ máa ń kórìíra drill yìí gan-an, torí ó gbà pé òun á ṣáà fò mú un. Ẹ má gbà fún un.

Ọmọ_Ìtòkú

Mítà 1.85? Bó bá sú yín, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa, a ó fi gáàrì àti adìrẹ kún un.

Lísàbí_abẹ́_agbọ̀n

Kọ́ọ̀ṣì Aṣérò, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, ṣùgbọ́n mi ò gba ti fáùlù 2 yẹn. Sẹ́ńtà àgbà ni wọ́n ń yọ nítorí fáùlù 2, torí wọ́n máa nílò rẹ̀ ní kuọ́tà kẹrin. Kí la fẹ́ tọ́jú sẹ́ńtà kejì dè? Fáùlù 5 ni òfin fún un, ìṣẹ́jú 10 sí 12 ló máa gbá nínú 40. Owó tó wà fún níná ni, ká ṣáà kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó fi rà. Fáùlù tó dá lay-up dúró ra nǹkan. Èyí tó bá na ọwọ́ ṣe ní mítà 7 sí agbọ̀n, lẹ́yìn ẹni tó ti kọjá lọ, ó sọ owó sínú odò Ògùn nìyẹn.

Fáùlù ẹgbẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Lábẹ́ òfin FIBA, bí ẹgbẹ́ bá ti ṣe 4 nínú kuọ́tà kan, èyí tí agbèjà bá tún ṣe, free throw (ìjù ọ̀fẹ́) 2 ni, ì báà jẹ́ ìfọwọ́kàn lásán. Bó bá ti pé 4 tí ìṣẹ́jú 5 sì ṣì kù, ẹ má sọ ọmọ tuntun sínú rẹ̀.

Àsìkò tó dáa láti fi í wọlé: kí kuọ́tà kìíní ku ìṣẹ́jú 3, kó gbá a dé ìṣẹ́jú 2 nínú kuọ́tà kejì. Ìṣẹ́jú 5 lòun gbá, àmọ́ ìsinmi ìṣẹ́jú 2 tó wà láàárín kuọ́tà méjèèjì kún ìsinmi sẹ́ńtà àgbà, ẹ sì ráyè tún ohun kan ṣe fún ọmọ náà kí ara rẹ̀ tó tutù. Ohun kan ṣoṣo o. Ẹ ṣe bákan náà láti ìparí kuọ́tà kẹta bọ́ sí ìkẹrin. Ẹ sọ fún un láti àná kó mọ ìgbà tó máa wọlé. Ẹni tó mọ̀ ti ń na ẹsẹ̀, ó ti ń wo èjìká tí sẹ́ńtà wọn fẹ́ràn láti yí sí. Ẹni tí kò mọ̀ jókòó, ó ń wo èrò. Ẹ sì má kó gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọlé pọ̀. Gáàdì tó dára jù ni kó wà lórí kóòtù bí òun bá wà níbẹ̀, torí gáàdì tí kò lajú kì í rí ẹni tó na ọwọ́ béèrè bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n.

Fún pick-and-roll (tí sẹ́ńtà wọn bá ṣe screen fún gáàdì wọn, tó sì yí sáré lọ sábẹ́ agbọ̀n), ọ̀nà kan péré: drop. Kó fà sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ 2 sábẹ́ ibi tí screen ti ṣẹlẹ̀, kó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti agbọ̀n, kó máa pariwo "Ọ̀tún!" tàbí "Òsì!" kí screen náà tó dé. Ọmọ tó dákẹ́ ti pẹ́. Ẹ wo D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, ní Paris 2024, nígbà tí wọ́n di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, nínú ọkùnrin àti obìnrin, tó dé kuọ́tà-fáínà Òlíńpíìkì. Ẹ pa ojú yín dé díẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn.

Físíò_Àdátán

Gbogbo yín ń sọ fífò, orúnkún ńkọ́? Iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára obìnrin ju ọkùnrin lọ nínú eré yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó kàn án: ó balẹ̀, orúnkún wọ inú, ó já. Ẹ gbé e sórí àpótí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó sọ̀kalẹ̀ sórí koríko, kì í ṣe kóńkéré, ẹsẹ̀ méjèèjì, kí orúnkún dojú kọ ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìgbà 5, ọ̀nà 4, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ máa fetí sí i: bó bá dún gbì, kò tíì mọ̀ ọ́n balẹ̀.

Kò sí jíìmù? Kó gbá àpò ìrẹsì kílò 10 mọ́ àyà, kó máa lóṣòó dìde, ìgbà 8, ọ̀nà 3. Kó fi ẹsẹ̀ kan dúró gbé gìgísẹ̀ sókè, 15, ọ̀nà 3. Àtẹ̀gùn ibi ìjókòó ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá, Kútọ̀, dára fún gígùn, àmọ́ kó rìn sọ̀kalẹ̀, kó má sáré. Bàtà òkìríkà tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ga rọ̀bọ̀tọ̀, máa ń yí kókósẹ̀. Ẹ di orí àti ìdí bàtà mú kẹ́ ẹ lọ́ ọ, bó bá fún bí aṣọ tútù, ẹ fi sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbá kóòtù, kẹ́ ẹ sì tẹ́ àkísà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa nu ẹsẹ̀ bàtà sí i.

Oúnjẹ: láfún ò burú, ṣùgbọ́n láfún pẹ̀lú ewédú láìsí ẹja tàbí ẹyin kò lè kọ́ iṣan. Bó bá sì ń rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, pàápàá nígbà nǹkan oṣù, ẹ jẹ́ kó lọ yẹ PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) wò kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ.

Àbíkẹ́_Kútọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo yín. Ọ̀kan ló kù: bí sẹ́ńtà wọn bá jáde lọ síta láti máa ju 3-point (bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pọ́ìǹtì 3) ńkọ́? Ó máa ń dà á láàmú, kì í mọ̀ bóyá kó tẹ̀ lé e tàbí kó dúró.

Lísàbí_abẹ́_agbọ̀n

Ẹ fún un ní òfin tó rọrùn: títí ẹni náà á fi jù 2 wọlé, kó dúró ní ìgbésẹ̀ kan sí i, ọwọ́ kan lókè, kó má fò. Bí 2 bá ti wọlé, ẹ yí sí zone 2-3 (kálukú ń ṣọ́ ààyè dípò ẹnì kan, ẹni 2 síwájú, 3 sẹ́yìn) fún ìṣẹ́jú 5 tó máa lò, kóun wà láàárín. FIBA kò ní òfin ìṣẹ́jú àáyá 3 fún agbèjà, ó lè dúró sábẹ́ agbọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ewu ibẹ̀ ni pé nínú zone kò sí ẹni tí wọ́n yàn fún un láti bọ́kìsì, ìyẹn láti fi ẹ̀yìn dí lọ́nà rìbáùndì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, kó kọ́kọ́ wá ara ènìyàn kàn, kó tó wo òkè.

Àbíkẹ́_Kútọ̀

Ó yé mi. Ọjọ́ Ajé la máa gé fóòmù.