Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká san owó tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ màmá mi?

Ọmọ Yàgbà: Òkun o gbogbo ilé. Ìsánlú la wà. Ìpéǹpéjú òsì màmá mi ló ń já wálẹ̀, láàárọ̀ ó máa dáa o, tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ ojú yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, á máa rí èèyàn kan ní méjì. Ní báyìí tó bá ń jẹ ẹran, àgbọ̀n á rẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ gbé e ró kó tó lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní ayé ni, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà kan n'Ílọrin ló wá ní ó jọ myasthenia gravis, àìsàn tó máa ń jẹ́ kí ẹran ara tètè rẹ̀, ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì AChR antibody, wọ́n á fẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síta, kékeré kọ́ lowó ẹ̀. Bọ̀dá mi ní ká kúkú fowó yẹn ra oògùn.

Nọ́ọ̀sì Kàbbà: Àbúrò, ẹ ṣe é. Àwọn ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ (antibody) tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ṣìnà, wọ́n lọ ń dí ibi tí náàfù ti ń ránṣẹ́ sẹ́ran ara. Àwọn ni tẹ́ẹ̀sì yẹn ń wá. Tó bá gbé e, kò fi bẹ́ẹ̀ síyè méjì mọ́. Tí ò bá gbé e ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀ o. Tí àìsàn yẹn bá ti kárí ara, bíi 85 nínú 100 èèyàn ni tẹ́ẹ̀sì yẹn ń gbé e fún, tó bá jẹ́ ojú nìkan, bí ìdajì ni. Wọ́n á wá yẹ MuSK wò, irú ṣọ́jà míì tó máa ń ṣìnà, torí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún ti AChR kì í sábà ṣe dáadáa fún MuSK.

Bàbá Ibùkún, Mọ̀pà: Ti ìyàwó mi ò gbé nǹkan kan. Dókítà ló gbé áìsì lé ojú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, ojú tó ti wálẹ̀ sì là níṣojú mi! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un kí èsì tó dé. Ẹ bi wọ́n nípa CT àyà náà, wọ́n máa ń wo thymus, ẹran kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, bóyá kókó wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kàbbà: Òótọ́ ni. Àmọ́ èyí tó ń já mi láyà jù, ibà bá dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un ní quinine tàbí chloroquine, kí wọ́n má gún un ní gentamicin, cipro náà ò dáa fún un. Àwọn oògùn yìí lè mú kí mímí nira fún un. Tí mímí tàbí gbígbé oúnjẹ mì bá ti ń nira, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Yàgbà: Háà! Kẹ́mísìtì fún un ní cipro lọ́sẹ̀ tó kọjá torí inú rírun, ẹ̀yìn ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ àgbọ̀n yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ kó èyí tó kù dànù.

Nọ́ọ̀sì Kàbbà: Kó má lò ó mọ́ o, ṣùgbọ́n má tíì dà á nù, gbé páálí ẹ̀ lọ fún dókítà, kó o sì pè é lónìí, má dúró de èsì tẹ́ẹ̀sì.