Ọwọ́ mi kọ̀ láti pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Ṣadé, Kubwa

Ẹ kú ilé o. Mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lóru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, oorun ò sì kùn mí dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Táásì ni mo ń wà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, mo gbé èrò mẹ́ta ní Mararaba, lẹ́bàá Àbújá, aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀. Nígbà tí a dé apá Nyanya, a bá àwọn ọlọ́pàá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo dúró. Mo tan iná inú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì kí wọ́n lè rí i. Èyí tó wá bá mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó ní ìwé ọkọ̀ dà, mo mú un jáde. Ó pé. Ó ní igò apaná dà, mo fi hàn án. Òun náà ò tíì kọjá ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lálẹ́ mọ̀ ọ́n: ibi tí ìwé bá ti pé ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n wá nǹkan fún àwọn ọmọ. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, mi ò tíì pa owó ọlọ́kọ̀." Ó ní ṣé òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Kí n tó la ẹnu, ìdí ìbọn ti dé etí òsì mi.

Méjì nínú èrò mi fẹsẹ̀ fẹ. Ẹnì kẹta, obìnrin Haúsá kan tó pọn ọmọ, kò sá. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ń pariwo, "Haba yallabai! Haba!" Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀jẹ̀ ta sára síìtì. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé awọ inú etí ti ya. Láti ìgbà yẹn, orí ni mo máa ń yí bí èrò bá ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ìyàwó mi rò pé ńṣe ni mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo lọ fẹjọ́ sùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní àgọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó wà nídìí káńtà bi mí ní orúkọ ẹni tó lù mí, ó bi mí ní nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀. Mo ní tọ́ọ̀ṣì ló tàn sí mi lójú, kí ni mo fẹ́ rí? Ó pa ìwé dé. "Bàbá, ẹ lọ tọ́jú ara yín. Ẹ dúpẹ́ pé ìdí ìbọn ni wọ́n fi lù yín, kì í ṣe ẹnu rẹ̀." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà o. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gba ọmọ ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn ni.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Aago méjì òru, ajá ń gbó. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin mẹ́ta lẹ́nu géètì ilé tó dojú kọ tiwa, àdá lọ́wọ́, wọ́n ń gé kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ní, "Pe ọlọ́pàá." Nọ́ńbà náà wà nínú fóònù mi. Ọwọ́ mi kọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń rò? Mò ń rò pé bí wọ́n bá dé, olè á ti sá lọ, ta ni wọ́n máa bá lójú títì? Èmi tí mo jáde wá júwe ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ìlọrin, Lugbe

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Tèmi ò le tó tiyín. Báàgì kọ̀ǹpútà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Wọ́n ní yàhúù ni mí. Mo fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe hàn wọ́n, wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé mi kiri nínú ọkọ̀ wọn títí a fi dé ìdí POS, ibẹ̀ ni mo ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Ọmọbìnrin tó ni POS náà ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó jọ pé oníbàárà ojoojúmọ́ ni wọ́n. Mo sì wà lára àwọn tí wọ́n da omi ẹ̀rọ lù níbi ìwọ́de ta ko SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, níwájú Louis Edet House, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ní oṣù kẹwàá 2020! Ọjọ́ 11 oṣù náà ni wọ́n kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Lójú tèmi o, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Ìyá Aláṣọ, Wuse

Bàbá Ṣadé, Ọlọ́run á wo etí yín sàn.

Ọdún 2019, oṣù kẹrin. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ń kó obìnrin lóru ní Àbújá, tí wọ́n ní aṣẹ́wó ni gbogbo wọn? Mò ń bọ̀ láti ibi àìsùn ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, èmi àti ọmọ àbúrò mi. Ọkọ̀ wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tí kò wọṣọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí tòkètilẹ̀. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀, mo gbé gèlè lọ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Mama, máa lọ." Ọmọ àbúrò mi wọ ṣòkòtò jíǹsì. Wọ́n gbé e. Ọmọ ilé ìwé gíga! Ìró mi ni mo fi bọ́.

Mo lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un nínú ọkọ̀ náà, mi ò sì bi í. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lákòókò yẹn jáde sọ tiwọn, wọ́n ní wọ́n bá àwọn lò pọ̀ ní tipátipá, àwọn èèyàn sì fi ẹ̀hónú hàn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Àbújá yìí kan náà ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2017. Wọ́n ní kò tọ́ láti máa mú obìnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 6 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́ta tó jàre. Ọdún kan ààbọ̀ péré lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Panẹ́ẹ̀tì, Apo

Ọmọdé ni yín. Mo ń kan ọkọ̀ ní Apo ní oṣù kẹfà 2005. Àwọn ọmọ Ígbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni aládùúgbò wa lọ́jà. Márùn-ún nínú wọn pẹ̀lú ọmọbìnrin kan jáde lọ gbádùn ara wọn lálẹ́, wọn ò padà wá. Ọlọ́pàá pa wọ́n, wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Adigunjalè kẹ̀! Àwọn tí a jọ ń ra epo lọ́wọ́ Ìyá Tìamíyù, tí a jọ ń yá ara wa ní sípánà. Ọjà dàrú lọ́jọ́ tí a gbọ́. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dájọ́: wọ́n dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì, wọ́n dá mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ ka ọdún náà fúnra yín. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù yẹn ti wọ ilé ìwé gíramà kí ẹjọ́ tó parí.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n pa adigunjalè mẹ́fà, mo máa ń bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìyàwó Sáájẹ́ǹtì

Mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi. Ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ yìí. Yàrá kan ni a wà ní bárékè, èmi, òun àti ọmọ mẹ́rin, òjò sì ń wọlé bá wa. Owó ara rẹ̀ ló fi ń rán aṣọ iṣẹ́. Wọ́n yìnbọn pa méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń dúró lójú títì, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí wọ́n fi sójú títì láti àárọ̀ di òru láìjẹun, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fẹ́ kí orí rẹ̀ pé? Mi ò ní kí wọ́n na Bàbá Ṣadé o. Mo kàn ní kí ẹ wò ó.

Ọmọ Ìlọrin, Lugbe

Ẹ kú ìdúró ti ọkọ yín, mà. Ṣùgbọ́n etí Bàbá Ṣadé kọ́ ló jẹ ọkọ yín lówó oṣù.

Ìyàwó Sáájẹ́ǹtì

Òótọ́ lo sọ.

Alájàpá, Sabon Gari, Kano

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ 2024, nígbà ìwọ́de ebi. Wọ́n ti kéde kónílé ó gbélé ní Kano. Ìró ìbọn àti tajútajú gba gbogbo àdúgbò. Ọmọ kan já wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, kò wọ bàtà. Mo fi àpò ìrẹsì bò ó. Wọ́n wọlé, wọ́n bi mí, mo ní kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n fi bẹ́líìtì nà mí lẹ́yìn nítorí irọ́ yẹn, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, mo ń wo ìròyìn. Wọ́n kó èèyàn 76 lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de náà, àwọn ọmọdé wà láàárín wọn, wọ́n ti gbẹ bí igi. Àwọn kan ń dákú nílẹ̀ kóòtù. Ààrẹ ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mo dúró ti tẹlifíṣọ̀n títí iná fi lọ, mò ń wá ojú ọmọ tí mo bò mọ́lẹ̀.

Ajé-Ńlá Télọ̀, Karu

Kí n sọ èyí tó dára, nítorí Ọlọ́run. Wọ́n fẹ̀sùn olè kan ọmọṣẹ́ mi. Ọlọ́pàá obìnrin kan, ará Benue, ló gba ẹjọ́ náà. Ó jókòó ti ọmọ yẹn, ó ra búrẹ́dì fún un, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Ẹ̀rí fi hàn pé kò jalè. Mo gbé owó béèlì kalẹ̀, ó tì í padà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Mama, ẹ má sọ fún wọn níta pé mi ò gbà á." Ẹ̀rù ń bà á kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má mọ̀ pé olóòótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín délé, ìgbà tí mo jókòó ni omi bọ́ lójú mi.

Lọ́yà Àdúgbò

Bàbá Ṣadé, ìwé dókítà nípa etí yẹn dà? Ẹ má sọ ọ́ nù. Òfin kan wà láti 2017 tó sọ fífi ìyà jẹ èèyàn lọ́wọ́ aláṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ Ìlọrin, ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 35, sì ní bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi dá yín dúró kí wọ́n tó gbé yín lọ síbẹ̀. Kò síbi tí ilé ẹjọ́ jìnnà sí ní Àbújá. Wọn ò sì gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ, òfin 2015 ti fòfin de ìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìwé kì í dá ìbọn dúró. Ẹ ṣáà tọ́jú ìwé dókítà yẹn.

Ìyá Aláṣọ, Wuse

Bàbá Ṣadé, ẹ ò tíì parí ìtàn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé tó dojú kọ tiyín?

Bàbá Ṣadé, Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Lọ́yà, ìwé náà wà, mo ti rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n wọlé, Ìyá Aláṣọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a ti pa iná wa. Nọ́ńbà náà ti hàn lójú fóònù, títẹ̀ ẹ́ ló kù. Etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kó jẹnẹrétọ̀, fóònù, owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n ṣá ọkùnrin náà lápá. Kò sẹ́ni tó kú.

Àná ló ń kọjá, báńdéèjì funfun lọ́wọ́, ó dúró kí mi. "Bàbá Ṣadé, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo lóru ọjọ́ náà?"

Mo fọwọ́ kan etí òsì mi. Mo ní mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́.