Mo ń wá ìmọ̀ràn: ọ̀nà wo ni à ń gbà kọlu bàálù ajubọ́ǹbù B-17?

Ọmọ Àṣá:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Bf 109 K-4, bàálù ìjà Jámánì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni mo ń fò nínú DCS World, eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé fífò bàálù ogun. Nígbàkígbà tí mo bá pàdé ọ̀wọ́ B-17G, irú kan lára B-17 Amẹ́ríkà, ní òkè tó tó mítà 6,000, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà tẹ̀ lé wọn, tí màá rọra sún mọ́ wọn kí ọta mi má baà ṣòfò. Kí n tó yìnbọn rárá, òróró ẹ̀ńjìnnì mi á ti bo gíláàsì iwájú, iná á sì ti ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n máa gbà, ṣé bàálù yìí náà ni kí n sì máa lò?

Ọdẹ Òfúrufú:
Àbúrò, ibi tí ò ń gbà wọlé ló ń pa ọ́. Ìbọn 13 ni B-17G ní, mẹ́fà nínú wọn ló sì lè kọjú sí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn: méjì ìrù, méjì òkè àti méjì abẹ́ ikùn. Bí àwọn bàálù náà bá wá tó méjìlá, ìwọ fúnra rẹ ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà 290 ní wákàtí kan ni wọ́n ń fò. Bí ìwọ bá ń sá 500, 210 péré ni o fi ń lé wọn, nítorí náà láti mítà 1,000 títí dé mítà 200, ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 13 tí o fi dúró lójú ìbọn wọn. Iwájú ni kí o gbà. Ọ̀nà tí Egon Mayer, ọ̀gá nínú ọmọ ogun òfúrufú Jámánì, gbà nìyẹn lókè Saint-Nazaire ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, torí ìbọn imú B-17 ìgbà náà kò tó nǹkan.

Abíléko Arìnnàòkè:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ iwájú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nítorí ìkọlù yẹn gan-an ni wọ́n ṣe fi ìbọn méjì sí abẹ́ àgbọ̀n B-17G. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàálù méjèèjì ń sáré pàdé ara wọn ní nǹkan bíi 790 kìlómítà ní wákàtí kan, tí àyè àtiyìnbọn láti mítà 800 sí 200 kò fi pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kọ́kọ́ gòkè fi mítà 1,000 jù wọ́n lọ, màá bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí màá fi ṣíwájú wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà màá dorí kodò sí wọn, màá yìnbọn sí ìdí apá níbi tí epo àti ẹ̀ńjìnnì wà, màá sì gba abẹ́ wọn sá lọ tààrà. Bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìyẹ nìyẹn: ó ti òkè wá, ó gbé e, ó lọ. Ẹ má ṣe yíjú padà nítòsí wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kú.

Alágbẹ̀dẹ:
Ní ti bàálù, K-4 dára, bí ẹ bá lè fara balẹ̀. Ọta 65 ni MK 108, ìbọn ńlá 30 mm rẹ̀, ní, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tí yóò fi tán. Ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá bà á dáadáa máa ń tó láti já B-17 bọ́, àmọ́ ọta náà kì í yára, ó sì tètè ń wálẹ̀, nítorí náà ẹ má yìn ín kọjá mítà 300. Fw 190 A-8, bàálù ìjà Jámánì mìíràn, ní ìbọn 20 mm mẹ́rin àti ọta púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì ṣírò pé ó gbà tó ogún ọta 20 mm láti já B-17 kan bọ́.

Ọmọ Àṣá:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn lálẹ́ àná, mo já ọ̀kan bọ́, mo sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá ń fojú sun iwájú rẹ̀, B-17 náà máa ń wọ abẹ́ imú bàálù mi, n kì í rí i mọ́.

Abíléko Arìnnàòkè:
Ẹ ti sún mọ́ wọn jù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn sí i, kí ẹ má baà máa yí bàálù le jù nígbà tí ẹ bá ń yìnbọn, ẹ ó sì máa rí i títí ẹ ó fi kọjá lábẹ́ rẹ̀.