Ẹ má yọ à kúrò lára ọlọ́pàá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń túmọ̀ ìtàn kóòtù Májísíréètì àti iṣẹ́ ọlọ́pàá láyé òyìnbó, wọ́n sì gbé àbá mẹ́ta síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ká máa pe májísíréètì ní "adájọ́-kékeré". Wọ́n ní ká pe ọlọ́pàá ayé ìgbà náà ní "ìlàrí". Wọ́n tún ní ká máa kọ "ọlọ́pá" dípò "ọlọ́pàá", pé a kan ṣoṣo ti tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun.

Ẹ jẹ́ kí n mú à yẹn ṣáájú, òun ló dùn mí jù. Oní ló pàdé ọ̀pá. Fáwẹ́lì jẹ, n di l, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níwájú ọ̀pá kò bá fáwẹ́lì rẹ̀ lọ. Ó sún síwájú, ó lọ bá pá, pá sì di pàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ pàdé ẹ̀kọ́ tó di kẹ́kọ̀ọ́. Ta ni nínú wa tó ń kọ "akẹ́kọ́"? Ẹ tiẹ̀ wo inú kóòtù fúnra rẹ̀. Oní pàdé ìdájọ́, ó di onídàájọ́. Oní pàdé ìdúró, ó di onídùúró, ẹni tí à ń wá kiri nígbà tí wọ́n bá ní ká wá gba béèlì ọmọ wa. Ẹni tó mú ni, ẹni tó dá ni lẹ́jọ́, ẹni tó dúró fún ni: ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ru. Tí a bá gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá, a gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù. Ọmọ tó bá sì ka "ọlọ́pá" yóò máa wá "ọpá" kiri nínú èdè wa, kò sì ní rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí orúkọ ìlú yín jẹ́rìí. Àwọn àgbà sọ fún wa pé inú àhámọ́ ọba ní Ọ̀yọ́ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá wà, ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kó tó tọrọ àyè láti lọ dojú kọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń dààmú Ọ̀yọ́, tó sì gbé orí rẹ̀ wálé. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wo iye ìró tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ orí mọ̀ kò yẹ̀ láti ọjọ́ náà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ orúkọ yìí lójoojúmọ́ kọ́ ló yẹ kó máa gé ohùn sọnù.

Ó di orí "adájọ́-kékeré". Nílé wa, àbúrò bàbá ẹni là ń pè ní bàbá kékeré. Ọjọ́ orí ni kékeré ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe agbára. Ẹni tó bá gbọ́ "adájọ́-kékeré" ní ọjà Akẹ́sàn l'Ọ́yọ̀ọ́ yóò rò pé ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹjọ́ dídá ni wọ́n fi síbẹ̀. Májísíréètì tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó wà nínú àhámọ́.

Ìtàn sì wà nínú ọ̀rọ̀ májísíréètì tí a ó sọ nù bí a bá sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Ní 1914 ni Lugard dá kóòtù Pròfínsì sílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso ìlú náà ló tún ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí lọ́yà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ayé Ọ̀gágun Ross nìyẹn, ẹni tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ títí di 1931. Òfin ọdún 1933 ló pa kóòtù Pròfínsì rẹ́, tí kóòtù Májísíréètì àti Kóòtù Gíga fi gba ipò rẹ̀, tí lọ́yà sì ráyè wọlé. Nígbà tí aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í pe májísíréètì, wọ́n ń sọ pé ẹni yìí yàtọ̀ sí ajẹ́lẹ̀. Kí ló wá kù tí a fẹ́ fi "kékeré" ṣe? Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe àbùkù. Àwọn àgbà wa ti fi kóòtù pòwe: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. N kò tíì gbọ́ àgbàlagbà kan tó fi "ilé-ẹjọ́" pa òwe yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìlàrí ńkọ́? Ìránṣẹ́ Aláàfin ni ìlàrí, apá kan orí rẹ̀ ni wọ́n ń fá, ọ̀rọ̀ ọba ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Tètù ló ń bẹ́ni lórí. Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ dípò Aláàfin. Oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ láàfin. Nígbà tí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà ní Ìbàdàn, yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹnì kan ló dá a sílẹ̀: wọ́n ti tẹ ọkùnrin kan lọ́dàá. Láti ìgbà náà ni agbára àti fìyà jẹni ti ń bọ́ lọ́wọ́ ààfin díẹ̀díẹ̀. Bí a bá wá pe ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó ní ìlàrí, a ti fi orúkọ ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pe ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Èyí kò dára.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ wà nílẹ̀: ọlọ́pàá fún ti ìjọba òyìnbó, akódà fún ìránṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀. Bàbá ìyá mi ṣe akódà kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìyá mi, tó wà lọ́mọdé nígbà náà, ló máa ń fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ bó idẹ orí bẹ́líìtì wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, títí yóò fi máa dán. Bí bàbá bá dé agbo ilé ẹni tí kóòtù ń pè, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n á bu omi fún wọn, wọ́n á mu. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá sọ pé: "Kóòtù ní kí n kí yín. Ọjọ́rú ni wọ́n ń retí yín." Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé ọlọ́pàá ní ń mú ni, akódà ní ń pe ni. Ní 1930 ni wọ́n da ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di ọlọ́pàá Nàìjíríà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti ìbílẹ̀ kò parẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tú wọn ká. Iṣẹ́ méjì, orúkọ méjì. Nígbà tí Amọ̀tẹ́kùn dé ní 2020 náà, ẹ ṣáà rí i pé aráàlú kò pè wọ́n ní ọlọ́pàá.

Ẹnì kan yóò ní agbófinró ńkọ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, wọ́dà wà nínú rẹ̀. Kò lè dá iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe.

Ó ku ìjà àbúrò wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn, tó ní "akọ́dà" ló tọ́, pé kí èèyàn kọ́ idà sí èjìká ló bí i, kì í ṣe kó. Ìtumọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá mi àgbà, àwọn tí wọ́n gbé idà náà. Ẹ má sì fi í we Akódá inú Ifá, ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀rúnmìlà. Dá ohùn òkè nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dákun, ẹ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́.