Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: jẹ́léósinmi méjì, èwo ni kí n mú ọmọ lọ?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Àdùkẹ́ máa pé ọmọ ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀. Màmá mi tó ń bá mi mójú tó o ń padà sí Ọ̀yọ́, èmi náà sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Jẹ́léósinmi ti di dandan nìyẹn. Mo ti yọjú sí méjì.

Èkíní wà ní Bódìjà. Ilé yẹn dùn ún wò: ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá, àwòrán ẹranko lára ògiri, tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà níwájú àwọn ọmọ. Ọ̀gá wọn ní kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, á ti máa kọ ABC, á sì máa ka nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún. Yorùbá ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ níbẹ̀ o, wọ́n á bá a wí.

Èkejì wà ní Akóbọ̀, ilé kékeré kan tí ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀. Iyanrìn wà lẹ́yìnkùlé, táyà ọkọ̀ tó ti gbó, àti ike tí àwọn ọmọ fi ń bu omi dà síra wọn lára. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ kan ń sunkún. Àǹtí tó ń tọ́jú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ń sọ fún un wẹ́rẹ́ pé, "Tá a bá jẹun tán, tá a sùn, tá a jí, mọ́mì á dé." Kò jágbe mọ́ ọn rárá. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n bàbá Àdùkẹ́ ní ibẹ̀ ò jọ ilé ìwé lójú òun, Bódìjà lòun máa sanwó sí, bẹ́ẹ̀ owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Akóbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò gan-an?

Bàbá Ìbejì

Ẹ̀yin ìyá ẹ máa ń rò ó jù. Èwo ló wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín? Tí gósìló Ìwó Road bá há yín mọ́ di aago mẹ́fà, ta ló máa dúró ti ọmọ? Ẹ béèrè ìyẹn, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́. Ìyókù á yanjú ara rẹ̀.

Màmá Olùkọ́

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ gósìló yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ìyókù kì í yanjú ara rẹ̀ o. Mo ṣe iṣẹ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀, ẹ ka orí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí alágbàtọ́ kan máa mójú tó ọmọ mẹ́wàá, kí olùkọ́ kan sì máa kọ́ ọmọ 25 tí wọ́n bá ti dàgbà wọ kíláàsì nọ́sìrì. Lójú tèmi, mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún ọmọ tó ṣì ń wọ Pampers. Iye tó wà nínú yàrá tí ọmọ yín máa wà ni kí ẹ bi wọ́n, torí àwọn kan máa ń ka awakọ̀ àti agbọ́únjẹ mọ́ òṣìṣẹ́ kí iye náà lè gbé pẹ́ẹ́lí. Ẹ tún bi wọ́n pé àǹtí mélòó ló ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ibi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ àǹtí ní gbogbo sáà, owó oṣù ibẹ̀ ò dára, ọmọ ló sì ń jìyà ẹ̀. Kí ó tó mọ ojú ẹnì kan, ẹlòmíì ti dé.

Ẹ padà lọ lọ́sàn-án láìsọ fún wọn. Àárọ̀ ni gbogbo ilé ìwé máa ń rẹwà. Ìgbà tí oúnjẹ bá ń dà sílẹ̀, tí oorun ń kun ọmọ, tí ẹnì kan tọ̀ sára, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ wọ́n. Tí àǹtí bá ń pààrọ̀ Pampers, ṣé ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni àbí ó kàn ń yí i kiri? Ṣé omi tó ń ṣàn ló fi fọwọ́ lẹ́yìn náà, àbí abọ́ kan náà tí gbogbo ọmọ ti ki ọwọ́ bọ̀ látàárọ̀?

Ti ABC yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ìka ọmọ ọdún méjì kò tíì le tó láti di pẹ́ńsùlù mú. Ẹ jẹ́ kó po amọ̀, kó ṣa ẹ̀wà sínú agolo, kó bu iyanrìn. Ohun tó ń kọ́ ọwọ́ láti kọ̀wé nìyẹn. Ẹ rántí fídíò tó jáde láti Ìkòròdú ní January 2025, níbi tí olùkọ́ ti ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí lórí nọ́ńbà kíkọ. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ wò ó rárá, àti pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Wákàtí yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé yín.

Ìyá Kékeré, Leeds

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, Mà. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin ló sọ pé òṣìṣẹ́ kan sí ọmọ mẹ́ta ni tí wọn ò bá tíì pé ọdún méjì. Fún ọmọ ọdún méjì, ọmọ mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún ní September 2023, inú ọ̀pọ̀ òbí ò sì dùn sí i. Òfin tún sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àǹtí tirẹ̀ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà ló máa bá òbí sọ̀rọ̀. Ẹ lè béèrè irú ẹ̀ ní Akóbọ̀, kò gba owó. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí Àdùkẹ́ kọ́kọ́ máa lọ fún wákàtí kan pẹ̀lú yín, kí ẹ tó máa fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹkún á ṣì wà o, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlera

Kíá ni tèmi. Tí wọn ò bá béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ yín, wọn ò béèrè ti ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé tí ara ọmọ bá gbóná, ṣé wọ́n á pè yín ni àbí wọ́n á fún un lóògùn fúnra wọn? Tí gbogbo ọmọ bá ń sùn fọnfọn lẹ́ẹ̀kan náà lójoojúmọ́, ẹ fura. Àwọn kan máa ń fún ọmọ ní oògùn òtútù kí wọ́n lè ráyè sinmi. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà sí fèrèsé, ẹ sì wo kànga, dúrọ́ọ̀mù àti báàkẹ́ẹ̀tì. Omi inú báàkẹ́ẹ̀tì tó láti pa ọmọ ọdún méjì. Ẹ tún bi wọ́n pé ta ló lè wá mú ọmọ lọ.

Àjàní ará Ifẹ̀

Ẹ sọ fún bàbá Àdùkẹ́ pé Yorùbá ò ní dí Òyìnbó lọ́wọ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ní kó má sọ èdè ìyá rẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ pé inú ń run òun?

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rí ìjà ọmọ. Mo lọ sí méjèèjì lọ́sàn-án láìsọ fún wọn. Ní Bódìjà, wọ́n ní kí n jókòó sí ọ́fíìsì kí ọ̀gá dé. Láti ojú gíláàsì, mo ka ọmọ mọ́kàndínlógún àti àǹtí méjì, ọ̀kan ń tẹ fóònù. Káàtúùnù ń lọ, kò sẹ́ni tó ń ṣeré.

Ní Akóbọ̀, wọ́n ní kí n wọlé. Ọmọ mọ́kànlá, àǹtí méjì, àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná láìní ìdérí, Nọ́ọ̀sì! Ọ̀gá wọn ní àwọn á ra ìdérí. Bàbá Àdùkẹ́ ti gbà láti bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ ojú rẹ̀ ò tíì kúrò ní Bódìjà.

Màmá Olùkọ́

Ìdérí ò tó, ọmọ á ṣí i. Kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn kúrò níbi tí ọmọ lè dé, kí ẹ fojú ara yín rí i kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí ẹ san ti oṣù kan ná, kì í ṣe ti gbogbo sáà. Ní ti bàbá Àdùkẹ́, ẹ mú un lọ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kó jókòó ti àwọn ọmọ yẹn fúnra rẹ̀.