“Yìnyín” kọ́ ni rádà ń wá nínú ìkùukùu

Àbá tó wà níwájú wa ni pé, nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá ń fi rádà wá bí omi tó ti dì ṣe pọ̀ tó nínú ìkùukùu, kí a máa pe iṣẹ́ náà ní “ìfojúdíwọ̀n àkóónú yìnyín”. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ “yìnyín” rárá.

Ohun tó ń já bọ́ ni yìnyín nínú èdè wa, ó sì máa ń dun ẹni tó bá bà lórí. Bíbélì Yorùbá pàápàá ya yìnyín tó pa ẹran àwọn ará Íjíbítì sọ́tọ̀ kúrò lára òjò dídì tó funfun, àmọ́ àwọn méjèèjì ló ń já bọ́ sílẹ̀. Èyí tí rádà ń wá ṣì wà lókè, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì rí tín-ín-tín.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Rádà ń rán ìgbì rédíò jáde, ó sì ń gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ omi dídì roboto méjì, tí wọ́n kéré gan-an sí gígùn ìgbì náà: bí ìbú ọ̀kan bá jẹ́ ìlọ́po 2 ti èkejì, gbohùngbohùn rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po 64, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po 8 péré ni yóò fi wúwo jù ú lọ. Ẹyọ ńlá díẹ̀ lè tipa báyìí bo ohùn àìmọye kéékèèké mọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà sì ti le. Ẹni tó bá ka “yìnyín” á ti máa fọkàn ro òkò kí ó tó dé ìlà kejì.

“Omi dídì” ló tọ́, torí pé ohun tó jẹ́ ló sọ, kò sọ bó ṣe tóbi tó. Ní ti “àkóónú”, ohun tó wà nínú ìwé ni a sábà ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iye gíráàmù inú àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà 1 ni wọ́n ń ṣírò níhìn-ín. Kò sídìí láti fi “ìwọ̀n” rọ́pò rẹ̀, “ìfojúdíwọ̀n” ti gbé e sínú tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní rádà kò lójú. Ṣebí a máa ń fojú díwọ̀n ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà, ta ló sì ń fojú rí ọjọ́?

“Ìfojúdíwọ̀n omi dídì inú ìkùukùu” ni mo dábàá. Èyí tó ṣì kù láti wá orúkọ fún ni ẹyọ tó ti ń yọ́, tí omi ti bo ara rẹ̀, tí gbohùngbohùn rẹ̀ sì ń le sí i lójijì. Kì í ṣe omi dídì pátápátá mọ́, kò sì tíì di ẹ̀kán òjò.