Láíbìrì àdúgbò lókè òkun: kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí gbà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Ẹlẹ́rìn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ajílété tó wà lájò, ẹ kú ìrọ́jú. Físà wa ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi àtàwọn ọmọ máa bá bàbá wọn ní Manchester kí oṣù keje tó parí. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bàbá wọn ní ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ alẹ́ lòun náà sì ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Kí ni mo máa fi ọmọ mẹ́ta ṣe nínú yàrá kan títí ọlidé á fi tán? Ẹnìkan ní kí n máa wo ètò tí láíbìrì àdúgbò bá fẹ́ ṣe. Láíbìrì tí èmi mọ̀ ni ti LAUTECH, ibi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé ìdánwò, tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kó ọmọ wọ irú ibẹ̀? Èló ni wọ́n sì ń gbà?

Àǹtí, Manchester

Ìyàwó wa, kú oríire. Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yá ìwé. Láíbìrì ìlú ni mò ń wí, kì í ṣe ti yunifásítì. Òfin ọdún 1964 kan wà níbí tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù ní England àti Wales láti pèsè rẹ̀ fún ará ìlú, owó tá à ń san fún káńsù sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Láti 1852 ni Manchester ti ní tirẹ̀, tí tálákà àti olówó jọ ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó tóbi jù, ilé rìbìtì kan báyìí ní St Peter's Square, ọdún 1934 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n kékeré tó wà ládùúgbò yín gan-an ni wàá lò jù. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, gbórí sókè wọlé, ohun ará ìlú ni.

Má ṣèyọnu nítorí ariwo. Igun àwọn ọmọdé wà lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó ń bú ọmọ torí pé ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Káàdì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Mú pásípọ́ọ̀tù dání, àti ìwé kan tó gbé orúkọ àti àdírẹ́sì: lẹ́tà báńkì, bíìlì iná, tàbí ìwé àdéhùn ilé. Tó bá jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ nìkan ló wà lórí gbogbo ìwé ilé, jẹ́ kó bá yín lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kó o gba káàdì fún, títí kan èyí tó ń rìn tàgétàgé yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n máa fi tìrẹ yá ìwé. Ọ̀pọ̀ káńsù kì í bu owó ìtanràn lé ìwé tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n sì lè bù ú lé ti àgbà.

Ẹ̀rọ kan wà tẹ́ ẹ máa fi yá ìwé fúnra yín. Wàá fi káàdì hàn án, wàá kó gbogbo ìwé lé pẹpẹ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ wọn á sì máa jáde lójú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé o ṣí èyíkéyìí. Fara balẹ̀ ka iye tó kọ síbẹ̀ mọ́ iye tó wà lọ́wọ́ yín, torí ìwé ọmọdé fẹ́lẹ́, méjì lè lẹ̀ pọ̀. Á tẹ ìwé pélébé kan jáde tí ọjọ́ ìdápadà wà lára rẹ̀; lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Tí ọjọ́ bá pé tẹ́ ò tíì kà á tán, ẹ lè fi fóònù sún un síwájú, àfi tí ẹlòmíì bá ti ń dúró dè é.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọlidé. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Summer Reading Challenge. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ ọdún 4 sí 11 ló wà fún, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń múra àtigba ọlidé ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin á ṣì bá a. Ìwé mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́. Bí ọmọ bá ti ń kà á ni wọ́n ń fún un ní sítíkà, tó bá parí, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, àwọn ibòmíì a sì fi àmì-ẹ̀yẹ ọrùn kún un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ láíbìrì máa ń bi ọmọ léèrè ohun tó kà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ohùn ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, á rí àgbàlagbà kan tó dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Kó tó di oṣù kẹsàn-án tó máa wọ kíláàsì, ẹ̀rù á ti kúrò lára rẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí i lára ọmọ púpọ̀ nílùú yìí, ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo ètò yìí fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀. Ìwé tó bá wu àwọn ìbejì ni kó o jẹ́ kí wọ́n mú, ìbáà ṣe ti bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe èyí tó kún fún àwòrán. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí.

Àbúrò wọn ní tirẹ̀, béèrè Rhyme Time. Orin àti àtẹ́wọ́ ni, kì í pẹ́ rárá, orí kápẹ́ẹ̀tì ni tìyá-tọmọ ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá tí mo mọ̀ ti pàdé ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbọ́ dókítà eyín tó ṣì ń gba ẹni tuntun. Àwọn ètò míì ń fẹ́ kéèyàn forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, àyè sì máa ń tán, nítorí náà máa yẹ pátákó ẹnu ọ̀nà àti ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò lóṣooṣù.

Wọn kì í báni tọ́jú ọmọ o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ láíbìrì kì í gbà kó dá wà. Má fi wọ́n síbẹ̀ lọ ra búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n, Leeds

Àǹtí ti sọ tàwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti bàbá wọn kún un. Oṣù méjìlá péré lèèyàn lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ níbí, láti ìgbà tó bá ti di olùgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kó ṣe ìdánwò. Ti orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣáájú: ìbéèrè 50, kó gba 43 ó kéré tán, kó tún wo fídíò 14 kó máa tọ́ka ewu ojú ọ̀nà. £23 ni owó rẹ̀, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi á tún un san. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ti sanwó fún Theory Test Pro, ìyẹn ibi ìdánrawò fún ìdánwò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì láíbìrì lèèyàn á fi wọlé, á sì máa dán ara rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé. Kó béèrè bóyá tàdúgbò yín ní in, kó tó sanwó fún áàpù kankan.

Ìwé tí ìjọba ṣe fún ìdánwò Life in the UK, èyí tí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú títí láé tàbí tó fẹ́ di ọmọ onílùú níbí máa ń ṣe, náà wà lórí pẹpẹ. Ìbéèrè 24 ni, ìṣẹ́jú 45, kéèyàn gba 18, £50. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ bá mú dáadáa, ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2013 ni wọ́n ń lò. Ìwé àtijọ́ á kàn fi àkókò yín ṣòfò.

Kọ̀ǹpútà tún wà fún ẹni tó fẹ́ wáṣẹ́. Ìwé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ jáde ni wọ́n ń gbowó díẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Àbúrò wa kan níbí san owó tabua fún ẹnìkan tó bá a kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ láíbìrì á fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án láìgba nǹkan kan. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó lé e lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Bọ̀dá, Houston

Ní ti àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà, láti ìparí oṣù kìíní ni ká ti lajú sílẹ̀. Ètò VITA tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbí, ń ṣe máa ń kó àwọn olùyọ̀ǹda jókòó sí ọ̀pọ̀ láíbìrì láti bá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ kọ ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni gbèdéke, ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní ráyè. Ẹ mú W-2 dání, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ yín fi kọ owó tẹ́ ẹ gbà lọ́dún, ẹ mú nọ́ńbà Social Security gbogbo ẹni tó máa wà lórí ìwé náà.

Àwọn tó fẹ́ di ọmọ onílùú, àwọn láíbìrì kan ń ṣe kíláàsì rẹ̀. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù N-400 tí wọ́n fi ń béèrè fún un sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè 128 lórí ìtàn àti ìjọba Amẹ́ríkà ló máa kọ́, wọ́n lè bi í tó 20 nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba 12. Káàdì oníbèéèrè 100 ṣì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín wa. Tiyín kọ́ mọ́.

Àbúrò, Toronto

Ẹ̀ka 100 ni láíbìrì tiwa ní. Wọ́n ti fagi lé owó ìtanràn ìwé tó bá pẹ́, káàdì kan náà lẹ sì lè fi gba páàsì ọ̀fẹ́ wọ mùsíọ́mù tẹbí-tẹbí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó béèrè òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tuntun. Ó ń jókòó sí àwọn ẹ̀ka kan, á bá yín tọ́ka ibi tẹ́ ẹ máa gbà lórí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti ìtọ́jú ìlera.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Ẹlẹ́rìn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Mò ń kà á sókè létí ìyá mi, wọ́n ní kí n béèrè pé ìwé Yorùbá ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ á padà wá tí wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Àǹtí, Manchester

Bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Ohun tí wọ́n béèrè yìí ló yẹ kí gbogbo wa gbé dìde.

Ìwé èdè ilẹ̀ òkèèrè ń bẹ ní láíbìrì ńlá níbí. Ti Urdu pọ̀, ti Lárúbáwá pọ̀, ti Poland pọ̀. Tiwa kò tó nǹkan, torí a kì í béèrè. Ará ìlú lè dábàá ìwé tó fẹ́ kí wọ́n rà. Wàá kọ orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí kò bá ní ISBN máa ń ṣòro fún wọn láti wá rí. Nítorí náà, tó o bá kọjá ní ilé ìtàwé lágbègbè Tákìé, yẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé ọmọdé Yorùbá wò, ya fọ́tò rẹ̀, kó o fi síbí fún wa. Tí ìdílé púpọ̀ bá béèrè ìwé kan náà nílùú kan, wọ́n á gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á, ká máa yá a, kódà ká ní tiwa nílé. Wọ́n ń wo iye ìgbà tí ìwé jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni wọ́n ń kó kúrò lórí pẹpẹ.

Mo fẹ́ ká ní wákàtí àlọ́ tiwa pẹ̀lú. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú níbí, oṣù kejì ni ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọjọ́ 21 oṣù kejì sì ni Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé tí UNESCO yà sọ́tọ̀. Àwọn láíbìrì máa ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe nǹkan nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń to ètò yẹn tipẹ́ ṣáájú. Lẹ́tà wa gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣù yìí, kì í ṣe oṣù kẹsàn-án. Lẹ́tà kúkúrú ni: ohun tá a fẹ́ ṣe, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, bó ṣe máa pẹ́ tó.

Àlọ́ àpagbè ni ká mú lọ. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá á lè dáhùn "Ààlọ̀" bí a bá ti pe "Ààlọ́ o". Tí orin Ìjàpá bá sì ti yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ti mọ ègbè nìyẹn, á kọ ọ́ délé. Ká kàn ṣí ìwé ká máa ka ìtàn gígùn fún wọn kò lè ṣe irú rẹ̀. Jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó gbéra, jẹ́ kí Màmá pa àlọ́ díẹ̀ sínú fóònù rẹ, torin-torin, ní ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Èmi á kọ lẹ́tà náà, ìwọ á wá di ìyá alálọ̀ọ́ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, Under-G

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àwa tá a wà nílé ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n, Leeds

Káàdì tibí ń fẹ́ àdírẹ́sì ibí, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n wo African Storybook lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìtàn ọmọdé wà níbẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, o sì lè wà á sórí fóònù kí dátà má bàa máa jẹ owó rẹ. Fún ìwé àgbà, fi í-meèlì ṣí àkáǹtì ní Open Library, láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá lè yá ìwé níbẹ̀ láti Under-G.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Ẹlẹ́rìn

Màmá ti gbà, wọ́n ní alẹ́ òní gan-an làwọn máa bẹ̀rẹ̀. Tákìé di ọ̀la. Bàbá àwọn ọmọ ní orúkọ òun nìkan ló wà lórí bíìlì lóòótọ́, Sátidé nìkan lòun sì lè bá wa lọ. Ṣé wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí?

Àǹtí, Manchester

Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣí, wákàtí wọn kúrú ju ti àárín ọ̀sẹ̀ lọ ni. Àwọn kékeré míì sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì láàárín ọ̀sẹ̀. Fi póstíkóòdù ilé yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ síbí, kí n bá ọ wo èyí tó sún mọ́ yín jù àti àkókò rẹ̀.